Ta Ló Ń Gbálẹ̀, Ta Ló Ń Lu Agogo?

Bí o bá fẹ́ mọ ojú tí ilé ẹ̀kọ́ kan fi ń wo ọmọbìnrin, má lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe Àyájọ́ Ọmọdébìnrin lágbàáyé láti ọdún 2012, gbogbo ẹnu ló sì máa ń dùn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ajé lásán ni kí o lọ, kí agogo tó lù. Wo rósítà iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ta ni wọ́n kọ sí iwájú ilẹ̀ gbígbá? Ta ló ń pọn omi ọ́fíìsì? Ta ni agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ní ìhà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ rósítà kan náà, bí ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ń yí padà. Ọmọbìnrin ni yóò gbá kíláàsì, òun ni yóò gbá ọ́fíìsì pírínsípà, òun ni yóò pọn omi tí àwọn olùkọ́ fi ń fọwọ́. Bí àwọn òbí bá wá ṣe ìpàdé PTA, òun náà ni yóò fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹ ìrẹsì. Ọmọkùnrin ni yóò gé koríko, òun ni yóò gbé àga, òun ni yóò lu agogo. Wọ́n á ní kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, pé agbára wọn ò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà á jọ òótọ́ títí o ó fi ka iye ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kàn wọ́n. A kì í gé koríko lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ló ń dọ̀tí lójoojúmọ́.

Ìṣirò ló sì máa ń wà ní pẹ́ríọ́dù àkọ́kọ́. Bí mo bá fi máa kọ ìbéèrè sí bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọkùnrin ti jókòó, wọ́n ti ṣí ìwé. Àwọn ọmọbìnrin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, etí síkẹ́ẹ̀tì wọn tutù, eruku ti bo bàtà wọn. Ọ̀kan á ṣì há ìgbálẹ̀ mọ́ abíyá, nítorí pé bó bá fi í sílẹ̀ níta, wọn á jí i gbé, òun ni yóò sì ra òmíràn. Kí irú wọn tó wá bírò jáde, a ti kọjá ibi tí àlàyé wà, a ti dé ibi tí a ti ń wá iye x. Tó bá wá di ìparí táàmù, tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹnìkan á jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, á ní ọpọlọ obìnrin ò gba ìṣirò. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, ó sì ń dùn mí dọ́la.

Mi ò sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́ o. Ọmọ tí kò bá mọ ìgbálẹ̀ dì mú, wàhálà ni fún ẹni tó bá máa bá a gbélé, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ni rósítà yẹn fúnra rẹ̀. WAEC kì í dán an wò, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ sì ń mọ̀ ọ́n sórí ju ohun tí mò ń kọ sí bọ́ọ̀dù lọ. Ó ń kọ́ ọmọbìnrin pé àkókò tirẹ̀ ṣeé mú nígbàkúùgbà. Ó ń kọ́ ọmọkùnrin pé àkókò ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń tún ibi tó jókòó sí ṣe.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà báyìí. Ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn wa fẹ́ jiyàn lórí pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń gba ẹ̀tọ́ kan náà lọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin kan ní SS2 ni wọ́n yàn pé kó gbè é lẹ́yìn. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Òkè-Àjé, òun ni àkọ́bí, kò sì ní arábìnrin, nítorí náà òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń dáná, òun ló ń gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Ó ní kí òun má kàn dìde kí òun máa sọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí òun kó ẹ̀rí jọ. Òun àti ọmọbìnrin tó yẹ kó takò ó wá mú ìwé àjákọ kan, wọ́n fi rúlà àti bírò pupa fa ìlà sí i: ọjọ́, iṣẹ́, ẹni tó ṣe é, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí. Ìlà tó kẹ́yìn ni wọ́n kọ "ohun tó pàdánù" sí. Mo ka ìwé yẹn dáadáa. Ní ojú ewé kan, ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sí iwájú orúkọ ara rẹ̀ pé, "Àlàyé lórí lógárítìmù, gbogbo rẹ̀." Ní ìsàlẹ̀, ọmọkùnrin náà fi bírò búlúù kọ orúkọ tirẹ̀, ó wá fa ìlà gbọọrọ kan sí ibi ohun tó pàdánù. Kò pàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀rí tó fẹ́ kó wá ló já a kulẹ̀. Lọ́jọ́ àríyànjiyàn, ó dìde, ó kí adájọ́, ó kí olùdarí àkókò, ó ní òun ò lè gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ohun tí àwọn kọ sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ fún un.

Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì mú un tọ pírínsípà lọ pẹ̀lú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹnìkan ní, "Ilẹ̀ gbígbá náà ló wá di ìwé ẹ̀hónú?" Ẹlòmíràn ní bí wọn ò bá kọ́ ọ níbí, kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe nílé ọkọ? Igbákejì pírínsípà, ìyá kan tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ka ìwé ọmọ yẹn tán ká tó fèsì." Pírínsípà gbé ìwé náà lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní kí a fi ètò orúkọ inú rẹ́jísítà ṣe rósítà, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, iṣẹ́ tó bá kan ẹni ló kàn án. Kò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ rírì rẹ̀ nítorí pé kò rọrùn fún ọ̀gá láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tó ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Àwọn òbí ló kù. Bàbá kan wá bá wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ò dùn rárá. "Ọmọkùnrin mi lẹ fún ní ìgbálẹ̀?" Ìyá kan tún wá béèrè ìdí tí ọmọbìnrin òun fi di àdá mú. Igbákejì pírínsípà fún bàbá náà ní àga, ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, kó tó bi í pé, "Bàbá, ẹ mọ Ìkẹ́nnẹ́, àbí?"

Ta ni kò mọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ? Ibẹ̀ ni Táí Ṣólàrín àti aya rẹ̀ Sheila ti dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní January 1956, lẹ́yìn tí Ṣólàrín kúrò ní ipò ọ̀gá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkùnrin àti obìnrin ló ń kàwé níbẹ̀, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí Ṣólàrín ń wá ni ọmọ tó lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn obìnrin tó jáde níbẹ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú ènìyàn. Bàbá náà mọ ọ̀kan lára wọn. Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó mu omi, ó ní kí a ṣáà rí i pé ọmọ òun ń kàwé. A ní ohun tí a ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdọ́gba bá ti jáde ni ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Òyìnbó wo? Ìjọba amúnisìn dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin l'Ékòó ní 1909. Ó di 1927 kí wọ́n tó dá Queen's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ọdún méjìdínlógún! Àwọn tó ń ti ọ̀rọ̀ ìdọ́gba síwájú nílẹ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ni ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Ní 1925 ló fẹ́ Fúnmiláyọ̀, tó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta ní 1932, Fúnmiláyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin tí kò rí ilé ìwé lọ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọkọ rẹ̀ ló kó àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ yẹn àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó ló para pọ̀ di NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ní 1931, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ olùkọ́ tí mo ń san owó oṣooṣù sí títí dòní, apá kan gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ kan bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń bi í pé ta ló kọ́kọ́ kó wa jọ, ta sì ni aya rẹ̀?

Owó náà wà níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Níbi tí òbí bá ti ní owó ìwé ọmọ kan, tí ó sì bí mẹ́rin, a mọ ẹni tí wọ́n máa ń yàn. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ní January 1955, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n di ohun tó lé ní 811,000. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Awólọ́wọ̀. Bí owó bá ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà, òbí ò ní láti yan ọmọ lórí ọmọ mọ́. Mo gbàgbọ́ pé kò sí àwíjàre kankan tó ṣe ju ohun tí ètò ọ̀fẹ́ yẹn ṣe fún àwọn ìyá wa.

Àwọn baba wa náà ò ṣàìmọ̀. Wọ́n ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí obìnrin ti ń hun aṣọ olónà tí àwọn olóyè ń dà bora, tí wọ́n ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tiwọn, tí wọ́n ń darí ọjà, ta ló wá sọ fún wa pé ọmọ wọn ò lè di agogo mú?

Ohun tó ṣòro jù lọ ni ti oyún. Ọmọbìnrin kan ní SS1 kò wá sí ilé ìwé mọ́. Nígbà tí mo pe rẹ́jísítà, mo rí i pé wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ọmọkùnrin tí gbogbo wọn mọ̀ pé òun ló fún un lóyún jókòó sí àga rẹ̀ ní SS3, ó ń múra WAEC sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà ló wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì. "Mà, ta ló fa ìlà yẹn? Kí ló dé tí wọn ò fa tirẹ̀?" Mi ò fẹ́ kí wọ́n fa ìlà sórí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ìyẹn náà ni mo sọ fún wọn.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ọ́ kedere ní apá 15 pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láàyè láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2006. Mo tẹ apá 15 yẹn jáde, mo mú un lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn tí kò gbọ́ ọ rí ṣe pọ̀ tó. Mo tún sọ ti Sierra Leone fún wọn. Ní 2015, ìjọba ibẹ̀ kéde pé aboyún kò gbọdọ̀ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ní December 2019, ilé ẹjọ́ ECOWAS, tó fìdí kalẹ̀ sí Àbújá tiwa níbí, dájọ́ pé ìyẹn tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ní March 2020, ìjọba wọn fagi lé e. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló gbé ẹjọ́ yẹn lọ, wọn ò jẹ́ kó sú wọn.

Èmi àti káńsẹ́lọ̀ wa, olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, lọ sí ilé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, èéfín bò ó, kò dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa. Ojú ló ń tì wá." Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ku gàrí, kò wo ojú wa. Káńsẹ́lọ̀ bá ìyá náà di asẹ́ mú, ó sì ń ku gàrí bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó yí ìyá yẹn lọ́kàn padà, bí mo ti rí i, ni pé káńsẹ́lọ̀ ò bá a wí. Ó béèrè pé ta ló máa bá wọn mú ọmọ jòjòló lọ́wọ́ ní àárọ̀, wọ́n jọ ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà. Ọmọ náà padà ní ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e, ó sì jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ń gbé oúnjẹ wọn wá jókòó tì í ní àkókò ìsinmi títí ẹ̀rín náà fi lọ sílẹ̀.

Ti nǹkan oṣù, ṣókí ni. Níbi tí ṣáláńgá kò bá ti ní ilẹ̀kùn tó tì, tí kò sí omi, ọmọbìnrin á jókòó sílé. Òfin ìṣúná 2019 yọ owó orí VAT kúrò lórí páàdì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ó ṣì wọ́n fún ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá owó, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ra páálí kan sí ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀. Òfin kan ni wọ́n ṣe sí i: kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ ẹni tó bá mú.

Àwọn ọmọkùnrin náà ní tiwọn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbèjà ọmọbìnrin gbọ́ eléyìí. Fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, a máa ń ní kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, a ó sì na ọmọkùnrin lẹ́gba, a ó ní ọkùnrin kì í sunkún. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kú kì í rí ẹni bi í pé báwo ni. Bí ó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà ní Ṣágámù, a ó ní ó ti di ọkùnrin. Bí ó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ Yahoo, a ó dákẹ́ títí owó yóò fi dé. Àwọn méjèèjì ni rósítà burúkú ń pa lára. Ọmọ tí a bá kọ́ pé kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ ni a kọ́ pé kò gbọdọ̀ nílò ẹnikẹ́ni.

Nínú kíláàsì tèmi, mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí pépà pélébé-pélébé, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì, ẹni tí mo bá fà yọ ló ń bọ̀ lójú bọ́ọ̀dù. Kò sí pé ta ló kọ́kọ́ nawọ́. Bí mo bá fa orúkọ yọ, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń dúró. Ọmọbìnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé dìde lọ́jọ́ kan, ó gba ọ̀nà tí kò sí nínú ìwé, ó sì rí ìdáhùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lójú, ó padà lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, kì í retí agolo mọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó kàn ni ti olórí akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin ni olórí, obìnrin ni igbákejì, kò sì sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, àṣà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ lẹ́tà mìíràn pé kí ẹni tí ìbò bá gbé wọlé ṣe olórí, kí ẹni tó tẹ̀lé e ṣe igbákejì, kí a má wo ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọ́n tún ní kí a gba ẹni méjì nínú wọn láàyè láti jókòó sí ìpàdé tí a ti máa sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ kan ti ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i, àwọn mìíràn ṣì ń rò ó. Bí a bá ti wọlé ní táàmù tó ń bọ̀ la máa ṣe ìpàdé náà. Mo ti kọ orúkọ mi sí abẹ́ lẹ́tà wọn, igbákejì pírínsípà sì ti kọ tirẹ̀ tẹ̀lé e.